Ọ̀bẹ mẹ́ta ló ti sán mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé omi ni kí n máa lò ni àbí epo?

ỌmọArọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, orí mi ti dàrú. Iṣẹ́ ọ̀bẹ ni mò ń ṣe lẹ́yìn Ọjà Jagun níbí, ọdún kejì rèé. Ọkọ́ àti àdá ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń rọ, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rọ ọ̀bẹ, ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé èmi ni mò ń tú u fúnra mi.

Àwọn ìyá tó ń bẹ pákí níbi tí wọ́n ti ń ṣe láfún ló ní kí n rọ ọ̀bẹ méjìlá fún àwọn, wọ́n tiẹ̀ ti san àsansílẹ̀. Ọ̀bẹ kúkúrú ni, ojú ẹ̀ ò ju ínṣì márùn-ún lọ. Mẹ́jọ nínú ẹ̀, irin sípíríǹgì ọkọ̀ ni mo lò, mẹ́rin tó kù, fáìlì àlòkù. Mo rọ gbogbo ẹ̀ tán, mo fi gíráńdà pọ́n ojú wọn títí ó fi fẹ́lẹ́ bíi bíléèdì, mo wá ń kó wọn síná lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi bùlówà fẹ́ iná náà títí irin á fi máa tàn yòò, ó di inú omi tútù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fà nínú kànga.

Ti fáìlì ni mo kọ́kọ́ rì bọmi. Mi ò tíì kà dé mẹ́ta tí mo fi gbọ́ "pín!", ohùn tín-ín-rín bí ìgbà tí ife gíláàsì bá sán. Mo yọ ọ́, mo rí ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀bẹ, ó wọ àárín. Ìkejì náà ṣe bákan náà. Mo ní bóyá fáìlì ni ò dáa, mo mú ti sípíríǹgì, ìyẹn ò dún rárá, inú mi dùn, mo gbé e sórí pákó. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo gbé e, òun náà ti sán lóru. Mo bá dáwọ́ dúró.

Ẹnì kan ní kí n da iyọ̀ sómi, ẹnì kan ní epo ẹ́ńjìnnì, mo tún rí fídíò kan tí òyìnbó ń rì í bọ òróró. Èwo ni kí n ṣe? Owó irin ti wọ̀ ọ́, mi ò fẹ́ ba mẹ́sàn-án tó kù jẹ́.

Wẹ́dà_Arówómọlẹ̀

Pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá mi. Kọ̀ndẹ́mù ọ́ìlì, ìyẹn epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò, ni kóo lọ gbà lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì, ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ ní gbowó lọ́wọ́ ẹ. Òun ni mo fi ń ṣe ṣísẹ́lì tí mo fi ń gé irin ní ṣọ́ọ̀bù, kò sán rí. Fi omi sílẹ̀ jàre, omi ti le jù.

BàbáẸwìrì

Ẹ má sọ pé kí ọmọ náà fi omi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ogójì ọdún ó lé ni mo ti wà nídìí owú alágbẹ̀dẹ, omi ni bàbá mi lò, omi ni bàbá wọn lò, inú ọpọ́n òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ni wọ́n ń bu ú sí. Àdá tí wọ́n rọ nígbà yẹn, àwọn kan ṣì ń fi roko dòní.

Ọmọ mi, iná ló pa ọ̀bẹ ẹ, kì í ṣe omi. O ní o fẹ́ ẹ títí ó fi ń tàn yòò. Irin tó bá ń tàn yòò ti kọjá ibi tó yẹ kó dé. Àti pé a kì í ju gbogbo ọ̀bẹ sómi bí ẹni ju ẹja sódò. Ojú ẹ̀ nìkan la ń tẹ̀ bọ omi, ìwọ̀n ìka kan péré, ẹ̀yìn ẹ̀ á ṣì wà lókè pẹ̀lú iná lára. Tóo bá ti rí i pé ojú ti dúdú, yọ ọ́, fi òkúta ha ojú ẹ̀ kó mọ́ kóo lè rí àwọ̀, kóo máa wò ó. Iná tó kù lẹ́yìn ọ̀bẹ á máa rìn bọ̀ wá sójú, wàá rí àwọ̀ tó ń sáré bọ̀. Nígbà tí àwọ̀ tóo ń wá bá dé ojú ọ̀bẹ, kóo wá rì í pátápátá. Báwọn baba wa ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Injiníà_Ajílété

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Òótọ́ pọ̀ nínú ohun tẹ́ẹ sọ, èmi tí mo ka ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀ ní yunifásítì LAUTECH, ohun tí wọ́n kọ́ wa ò yàtọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi ọmọ yìí ní nǹkan kan kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ epo tàbí omi fún un: irin wo? Torí gbogbo irin ò gba ohun kan náà.

Àbúrò, kábọ́nù inú irin ló ń sọ bó ṣe máa le tó. Irin rọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń kọ́lé, kábọ́nù inú ẹ̀ kéré gan-an, bóo bá jí lóru bóo sùn, bóo rì í bọ omi yìnyín, kò ní le débi tó máa di ojú ọ̀bẹ. Sípíríǹgì ọkọ̀ sábà máa ń ní tó 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún, krómíọ̀mù díẹ̀ sì tún wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, krómíọ̀mù yẹn ló jẹ́ kó lè le láì jẹ́ pé a fi ìkánjú mú un tutù. Fáìlì ní tó 1 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ń fẹ́ kí nǹkan tètè tutù, ó sì tún ń tètè sán. O rí i pé méjèèjì ò jọra, ìwọ sì kó wọn sínú omi kan náà.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Tí irin bá gbóná dáadáa, kábọ́nù á yọ́ wọnú ẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ sínú omi gbígbóná. Tóo bá jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀, kábọ́nù á ráyè jáde, irin á rọ̀. Tó bá tutù lójijì, kò ní ráyè jáde, á há síbẹ̀. Híhá yẹn gan-an ni líle. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní martensite, wọ́n fi dá ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan lọ́lá, Adolf Martens. Irin tó bá sì di bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ̀ díẹ̀. Ojú ọ̀bẹ tóo ti pọ́n fẹ́lẹ́ á ti tutù, á ti fẹ̀, á ti gan pa, nígbà tí ẹ̀yìn tó nípọn ṣì ń gbóná, tí ẹ̀yìn bá wá fẹ́ fẹ̀ tiẹ̀, á máa fa ojú. "Pín" tóo gbọ́ nìyẹn.

Nǹkan mẹ́ta ni mo wá rí nínú ìtàn ẹ: iná pọ̀ jù, ojú ọ̀bẹ fẹ́lẹ́ jù kó tó wọnú omi, omi sì le jù fún irin tóo lò. Tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, ó ṣeé ṣe kóo mú un jẹ.

Akẹ́sán_Ọlọ́bẹ

Ọ̀yọ́ ni mo wà, ọ̀bẹ alápatà ni mò ń rọ, sípíríǹgì ni èmi náà ń lò. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ndẹ́mù yẹn torí ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Ọdún méjì ni mo fi lò ó. Òótọ́ ni pé ó ń jẹ́ kí ọ̀bẹ le. Ṣùgbọ́n èéfín ẹ̀, ẹ̀yin èèyàn, ó dúdú, ó ki, ó ń wọ àyà. Tí mo bá ti ṣe ọ̀bẹ márùn-ún lọ́jọ́ kan, màá wúkọ́ mọ́jú. Ohun tó wà nínú epo tó ti jóná nínú ẹ́ńjìnnì kì í ṣe epo nìkan, eruku irin àti oríṣiríṣi kẹ́míkà wà níbẹ̀. Oníbàárà mi kan tó jẹ́ alápatà tún gbé ọ̀bẹ padà fún mi, ó ní ẹran ń gbóòórùn ọkọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo da gbogbo ẹ̀ nù.

Òróró ẹ̀pà ni mò ń lò báyìí. Ó wọ́n o, mi ò purọ́, àmọ́ tóo bá ra lítà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ń pẹ́, tóo bá ṣáà ti ń sẹ́ ẹ tóo ń bò ó. Páìpù irin tó ga ni mo ní kí wẹ́dà dí ìdí ẹ̀ fún mi, kí ọ̀bẹ lè wọlé ní òòró. Ẹ má lo páìpù tí wọ́n kùn ní síńkì.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀: ẹ máa yá òróró náà kẹ́ẹ tó lò ó. Ó dà bíi pé ìyẹn ò mọ́gbọ́n dání, ṣé kì í ṣe ohun tó tutù la fẹ́ ni? Àmọ́ òróró tútù ki, ó ń fà mọ́ra irin. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, á máa ṣàn, á máa gbé iná kúrò lára irin kíákíá. Mo máa ń sọ irin pupa kan sínú ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, tí mo bá fọwọ́ kan ara páìpù tí ọwọ́ mi ò lè pẹ́ níbẹ̀, ó ti tó. Wọ́n ní kó wà láàárín 50 sí 60 lórí dígírì. Mo ti dán epo pupa wò, àmọ́ nígbà ọyẹ́ ó máa ń dì, èèyàn á kọ́kọ́ máa yọ́ ọ.

Wẹ́dà_Arówómọlẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Akẹ́sán, ẹ ṣé gan-an. Mi ò mọ̀ pé èéfín yẹn burú tó bẹ́ẹ̀, ikọ́ tó ń ṣe èmi náà láti ọjọ́ yìí, mo rò pé ti iná wẹ́dìn ni. Màá yí padà.

Àmọ́ ẹ ṣàlàyé fún mi, ṣé omi ò tutù ju epo lọ ni? Kí ló dé tí wọ́n á tún máa fi iyọ̀ sí i? Ọ̀gá kan lọ́dọ̀ wa búra pé omi iyọ̀ ló dáa jù.

Injiníà_Ajílété

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ṣóo ti wo omi tí wọ́n ta sínú agbada gbígbóná rí? Kì í gbẹ lójú ẹsẹ̀, ó máa ń ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, á máa sáré kiri. Ooru omi, ìyẹn èyí tó ń rú jáde lára ẹ̀ bí èéfín, ló gbé e dúró, kò jẹ́ kó fara kan agbada. Dókítà ará Jámánì kan, Leidenfrost, ti kọ̀wé nípa ẹ̀ láti 1756. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára ọ̀bẹ nìyẹn. Tí irin pupa bá wọ omi, ooru omi á bò ó bí aṣọ, níbi tí aṣọ yẹn bá wà, irin ò ní tètè tutù, níbi tó bá ti ya, á tutù wàì. Ibì kan le, ibì kan rọ̀, ọ̀bẹ á wọ́ tàbí kó sán.

Iyọ̀ ló ń fa aṣọ yẹn ya. Kìlò iyọ̀ kan sínú omi lítà mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Ó ń jẹ́ kí tútù náà dọ́gba ju ti omi lásán lọ, ṣùgbọ́n ó tún le sí i, ó yára jù ú lọ. Kò yẹ fún ọ̀bẹ tó fẹ́lẹ́ tí a fi sípíríǹgì ṣe. Ọ̀gá ẹ ò purọ́, bóyá irin tó ń lò ló gbà á.

Òróró kì í fi agbára mú irin tó bẹ́ẹ̀. Ó mú un tutù débi tó yẹ, tó bá wá kan ìsàlẹ̀, níbi tí irin ti ń fẹ̀ tó sì ti ń sán, ó ń rọra ṣe é. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ kí àbúrò wa lo òróró fún ti sípíríǹgì. Fún fáìlì méjì tó kù, ọ̀rọ̀ ẹ̀ le díẹ̀, torí irin yẹn fẹ́ kúrò ní pupa dé dúdú láàárín bí ìṣẹ́jú-àáyá kan, àmọ́ ọ̀bẹ tín-ín-rín bíi tiẹ̀, òróró wọ́ọ́rọ́ á ṣì mú un. Kó ṣáà má jẹ́ kó pẹ́ lójú afẹ́fẹ́ láàárín iná sí òróró.

Bàbá Ẹwìrì, ojú nìkan tẹ́ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ bọ omi yẹn, ọgbọ́n ńlá ni. Àwọn alágbẹ̀dẹ Japan ń fi amọ̀ bo ẹ̀yìn idà kí wọ́n tó rì í bọ omi, kí ojú lè le kí ẹ̀yìn má gan. Ohun kan náà lẹ̀ ń wá, ọ̀nà ló yàtọ̀.

Ìyá_Láfún

Mo ti ń kà á bọ̀ látàárọ̀, ọmọ mi ló fi hàn mí. Èmi ò mọ̀ nípa kábọ́nù, ọ̀bẹ ni mo mọ̀, torí àtàárọ̀ dalẹ́ ló wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tá à ń fẹ́ fún yín. Pákí tó ti oko dé, iyanrìn wà lára ẹ̀, iyanrìn yẹn ló ń pa ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà, tín-ín-rín bíi páálí, kó tó di ọ̀sán ó ti kú, a ó máa dìde lọ pọ́n ọn, ojú ẹ̀ á máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìyẹn ò dáa. Àmọ́ èyí tó burú jù ni èyí tó le jù. A ti ra irú ẹ̀ rí, ó mú o, ó mú bí abẹ, ṣùgbọ́n nígbà tó kọ lu ìdí pákí tó ti dà bí igi, ojú ẹ̀ já díẹ̀ bíi èékánná. A wá ègé yẹn títí, a ò rí i. Apẹ̀rẹ̀ pákí méjì la dà nù lọ́jọ́ yẹn. Láfún lèèyàn á jẹ, ẹ̀yin ọmọ mi, irin ò gbọdọ̀ wà nínú ẹ̀.

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ẹ̀ ń sọ pé kó le, kó le, kó ṣáà má le jù. Tó bá máa kú lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, a lè pọ́n ọn. Èyí tó já, kò sí òkúta ìpọ́nbẹ tó lè tún un ṣe.

ỌmọArọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá mi, ẹ ṣé, mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mi ò tiẹ̀ ronú débẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín.

Àmọ́ ẹ bá mi wo méjì. Àkọ́kọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé iná ti tó láìsí ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n? Ìkejì, ọ̀rọ̀ dídín líle kù yìí, tẹ́ńpà tí wọ́n ń sọ nínú fídíò, wọ́n ní kí n gbé e sínú ófùn, èmi ò ní ófùn, sítóòfù onígáàsì kékeré ni ìyàwó mi ní. Ojú ọ̀bẹ tí mo ti pọ́n tán ńkọ́?

BàbáẸwìrì

Wá gbọ́, ọmọ mi.

Ojú ọ̀bẹ tóo ti pọ́n tán, fi fáìlì gé fífẹ́lẹ́ yẹn kúrò, kó nípọn tó owó kọ́bọ̀ kó tó wọná. Lẹ́yìn tó bá le tán lèèyàn ń pọ́n ojú ẹ̀, kì í sì í ṣe gíráńdà tó ń ta iná ni wàá fi ṣe é, kí gbogbo làálàá ẹ má bàa rọ̀ padà. Fi omi tu ú lára bóo bá ṣe ń pọ́n ọn.

Iná ńkọ́? Má ṣiṣẹ́ yìí lójú oòrùn. Ìdí tí arọ alágbẹ̀dẹ fi ń ṣókùnkùn nìyẹn, kì í ṣe pé a ò rówó ra ojú fèrèsé. Lójú oòrùn, irin tó ti gbóná jù á dà bí ẹni pé kò tíì gbóná. Ṣe é nírọ̀lẹ́, tàbí kóo ta páànù bo ibẹ̀. Irin á kọ́kọ́ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tó ti ń gbẹ, kò tíì tó. Lẹ́yìn náà á pọ́n bí ẹyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n lórí ọ̀pẹ, ibẹ̀ ni. Tó bá ti ń di àwọ̀ ọsàn, ó ti kọjá, yọ ọ́ kúrò níná, jẹ́ kó tutù fúnra ẹ̀ kóo tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti di funfun tó ń ta pàrà, irin ti jóná nìyẹn, kò sí àtúnṣe.

Kóo sì dín bùlówà yẹn kù. Ẹwìrì ló dáa jù fún ọ̀bẹ, torí ọwọ́ ẹ ló ń fẹ́ ẹ, tóo bá dáwọ́ dúró iná náà á dáwọ́ dúró. Bùlówà ò mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi. Máa gbé ọ̀bẹ síwá sẹ́yìn nínú èédú kí ìdí àti ṣóńṣó lè pọ́n bákan náà, ṣóńṣó ló máa ń sáré jóná.

Ti ófùn, wá ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń yan ẹ̀pà. Wọ́n ní agbada pẹ̀lú iyanrìn. Ha ọ̀bẹ ẹ kó mọ́ kó máa dán, tẹ ẹ̀yìn ẹ̀ bọ iyanrìn gbígbóná, kí ojú ẹ̀ kọjú sókè. Fi iná kékeré sí i. Jókòó tì í. Má lọ jẹun, má gba fóònù. Á kọ́kọ́ dà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn ẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ojú á di àwọ̀ oyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú afárá. Fún ọ̀bẹ pákí tí ìyá yìí ń sọ, dúró kí oyin yẹn dúdú díẹ̀. Ẹ̀yìn lè ti di àlùkò, kò séwu, kó ṣáà má jẹ́ kí àlùkò yẹn dé ojú. Tí ojú bá di àwọ̀ aró, ó ti rọ̀ jù, tún un rì.

Injiníà_Ajílété

Kí n kàn fi iye sí ohun tí Bàbá sọ. Ẹyìn tó pọ́n tí wọ́n pè yẹn bọ́ sí nǹkan bíi 800 dígírì, sípíríǹgì ń fẹ́ tó 830. Oyin tí kò tíì dúdú bẹ̀rẹ̀ láti bí 205, oyin tó dúdú tó bí 230, àlùkò tó bí 275, àwọ̀ aró tó 290 sókè. Ní ófùn, 200 fún wákàtí méjì, lẹ́ẹ̀mejì, ni wọ́n sábà ń ṣe. Ní iyanrìn, ojú ẹ ni ófùn ẹ, ṣe é lẹ́ẹ̀mejì bákan náà, torí lẹ́ẹ̀kan ò ní débi gbogbo.

Má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kóo tó tẹ́ńpà. Èyí tó sán lóru yẹn, ohun tó pa á nìyẹn. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ le dà bí okùn tí wọ́n fà le koko, tí ẹnikẹ́ni ò bá dẹ̀ ẹ́, á já fúnra ẹ̀. Bó bá ti tutù débi tí ọwọ́ lè dì í mú, gbé e lọ sórí iyanrìn.

Tóo bá ń ṣiyèméjì lórí àwọ̀, wá òòfà inú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, so ó mọ́ wáyà. Irin tó bá ti gbóná tó bí 770, òòfà ò ní fà á mọ́. Tó bá ti kọ̀ ọ́, fi ọ̀bẹ sílẹ̀ níná díẹ̀ sí i, kóo mú un jáde.

Kóo tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ gidi, gé irin sípíríǹgì yẹn pẹ́ńpẹ́ kan, mú un gbóná, rì í bọ òróró, gbé e sínú fáìsì, fi òòlù lù ú kó kán. Fi aṣọ bò ó kó má ta sójú. Wo ojú ibi tó ti kán. Tó bá rí hóró-hóró bíi gaàrí tí kò kúnná, iná ẹ pọ̀ jù. Tó bá kúnná bí èlùbọ́ láfún, iná ẹ tọ́. Ṣe é títí yóò fi di èlùbọ́.

Akẹ́sán_Ọlọ́bẹ

Kí n fi tèmi kún un kí n tó sùn. Kóo tó rì í, mú ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan gbóná kóo jẹ́ kó tutù nínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, má rì í sí nǹkan kan. Òòlù tóo fi rọ ọ́ ti tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìyẹn ló ń jẹ́ kó farabalẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe é, ọ̀bẹ mi ò fi bẹ́ẹ̀ wọ́ mọ́.

Tóo bá ń rì í, ṣóńṣó ló ń kọ́kọ́ wọlé, tààrà. Máa gbé e lọ sókè sódò, má fì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń ro ọkà, ẹ̀gbẹ́ tó ń kọ lu òróró á tutù ṣáájú èkejì, ọ̀bẹ á tẹ̀. Tó bá wọ́, o ní àsìkò kékeré kan láti tọ́ ọ, ìgbà tóo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ tó ṣì ń gbóná tí òróró ń rú lára ẹ̀. Wọ ìbọ̀wọ́ awọ, rọra tẹ̀ ẹ́ láàárín pákó méjì. Tó bá ti tutù, má dán an wò, á kán.

Ohun tó kẹ́yìn, jọ̀ọ́. Òróró ń gbiná. Mo ti rì ọ̀bẹ sínú agolo tí òróró inú ẹ̀ ò ju ìdajì lọ, ìdajì ọ̀bẹ wà lókè, ó gbiná lójú mi. Mo sáré mú omi, ọlọ́run ló yọ mí, ẹnì kan fà mí sẹ́yìn, ó fi ìdérí bò ó. Ẹ ní ìdérí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ní iyanrìn nínú garawa, ẹ má sún mọ́ omi, ẹ má sì fi kẹ́ẹ̀gì ọ̀rá ṣe é láéláé.

ỌmọArọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Ọjọ́ mẹ́wàá rèé tí mo ti ṣí ọ̀rọ̀ yìí, mo wá jábọ̀.

Irin tí mo kọ́kọ́ kán, gaàrí ni. Gaàrí tó ní hóró ńláńlá, ó ń dán yẹ́ríyẹ́rí. Mo ti rò pé mo dín iná kù nígbà yẹn o. Ìkejì, gaàrí tó kúnná díẹ̀. Nígbà tí mo kó gbogbo ẹ̀ wọ abẹ́ páànù nírọ̀lẹ́, tí mo yọ bùlówà tí mo lọ yá ẹwìrì lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo rí i pé àwọ̀ tí mo ń pè ní pupa tẹ́lẹ̀, ọsàn ni. Ìkẹrin ló di èlùbọ́. Mo fọwọ́ pa á, kò tiẹ̀ dán, ó dà bí eérú tútù.

Mo rì ọ̀bẹ sípíríǹgì méje bọ òróró ẹ̀pà. Ohùn ẹ̀ yàtọ̀, kì í ṣe "ṣìì" ti omi, ó ń hó wúyẹ́wúyẹ́ bí ìgbà tí àkàrà bá bọ́ sínú epo. Kò sí "pín". Ọ̀kan wọ́ díẹ̀ lápá ṣóńṣó, mo tẹ̀ ẹ́ láàárín pákó bí ẹ̀gbọ́n Akẹ́sán ṣe sọ, ó tọ́. Mo fi fáìlì tuntun gbá ojú mẹ́jèèje, fáìlì ń yọ̀ kọjá bí ẹni fi í gbá gíláàsì, kò jẹ ẹ́.

Ti iyanrìn, ìyá kan tó ń yan ẹ̀pà lọ́nà Tàkíẹ̀ ló gbà mí láàyè lẹ́yìn ọjà. Mo jókòó tì í láti agogo mẹ́fà títí di mẹ́sàn-án ó lé. Ọ̀kan sá kọjá oyin lọ mọ́ mi lọ́wọ́, ó di aró kí n tó yọ ọ́, mo tún un rì lọ́jọ́ kejì. Ti fáìlì méjì, ọ̀kan le dáadáa, èkejì, ara ẹ̀ nìkan ló le, inú ẹ̀ rọ̀.

Injiníà_Ajílété

Èkejì yẹn, fáìlì òde òní kan wà tó jẹ́ pé awọ ìta ẹ̀ nìkan ni wọ́n fi kábọ́nù sí, inú ẹ̀ irin rírọ̀ ni. Tóo bá ti pọ́n awọ yẹn kúrò, kò sí nǹkan kan mọ́. Máa kán ṣóńṣó fáìlì wò kóo tó rọ ọ́. Kú iṣẹ́, àbúrò, inú mi dùn.

Ìyá_Láfún

Ó kó mẹ́jọ wá fún wa lánàá. Mo fi ọ̀kan bẹ pákí látàárọ̀ títí agogo méjì kí n tó pọ́n ọn, kò já, kò tẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ojú ẹ̀ kọ lu ìdí pákí lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbé e sójú oòrùn, mo wò ó yípo. Kò sí nǹkan kan tó kúrò lára ẹ̀. Ọmọ mi, a ṣì ń retí mẹ́rin tó kù, a ò ní kánjú ẹ. Kí èèkù ẹ̀ nípọn díẹ̀ sí i, ọwọ́ wa máa ń tutù lómi.

BàbáẸwìrì

Mẹ́ta tó sán ńkọ́? Má jù wọ́n nù. Gé wọn níbi tí ìlà yẹn parí sí, kóo wò ó dáadáa, ó máa ń rìn ju ibi tí ojú rí lọ. Ohun tó bá kù á tó ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n fi ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí abẹ. Kó wọn wá sọ́dọ̀ mi, jẹ́ ká jọ wò ó, kóo tún rí bí ojú nìkan ṣe ń wọ omi. Ó yẹ kóo mọ èyí náà.

ỌmọArọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Bàbá, ẹ ṣé gan-an, sà. Mò ń bọ̀ ní Sátidé, màá gbé èédú àpò kan dání.